Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀: Ǹjẹ́ Àìgbàgbọ́ Ni Ìmúrasílẹ̀?



Nígbà tí obìnrin bá bímọ láàrin wa, kì í ṣe "Ẹ kú oríire" nìkan ni a máa ń kí i. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn baba ńlá wa kò tan ara wọn jẹ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó lọ sí ìrọbí lọ sí ojú ogun, àti pé ẹni tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọmọ ní apá yẹ ní ẹni tí a ń kí kú ewu. Wọ́n sì pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, nítorí pé lórí eékún ni àwọn ìyá wa ti ń bímọ. Orúkọ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ènìyàn, tí ọkàn líle sì ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí pé obìnrin ni ó bí gbogbo wa. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí onígbàgbọ́ bá ń sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ìrọbí lè rọrùn, tí ó ń gba ẹ̀kọ́, tí ó ń lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó ń tọ́jú owó àti ọkọ̀ sílẹ̀, ǹjẹ́ ó ń fi àìgbàgbọ́ hàn sí Ọlọ́run?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan, irú èyí tí ó wà ní àdúgbò gbogbo. Ìyàwó kékeré kan wà níbẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé kí òun àti ọkọ rẹ̀ wá, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ìbímọ: ẹni tí yóò bá a lọ, ẹni tí yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀ bí ó bá di dandan, ohun tí wọn yóò ṣe bí ọmọ kò bá gba ọ̀nà tí a ń retí. Nígbà tí ó dé ilé tí ó sì sọ ọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ìyàwó mi! Bí àwọn obìnrin Hébérù ni ìwọ yóò ṣe bímọ. Má fi ẹnu rẹ pe iṣẹ́ abẹ." Ọkọ rẹ̀ ṣe Àmín, ó sì dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọmọbìnrin náà gbé ẹ̀rù rẹ̀ wọ inú yàrá lọ, òun nìkan.

Ìyá yìí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìfẹ́ ni ó mú un sọ̀rọ̀, àdúrà rẹ̀ sì jẹ́ àdúrà tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe. Ṣùgbọ́n èrò kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: pé ẹni tí ó bá múra de ìṣòro ń pe ìṣòro wá. Èrò kejì sì wà tí àwọn mìíràn ń sọ jáde gbangba: pé ìrora ni ìpín obìnrin láti ọ̀dọ̀ Éfà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wá ọ̀nà láti dín in kù. Ẹ jẹ́ kí a yẹ èrò méjèèjì wò, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Éfà.

Òtítọ́ ni pé ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 3, ẹsẹ 16, sọ pé lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, Ọlọ́run sọ fún obìnrin pé nínú ìrora ni yóò máa bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ni Ó ti sọ fún Ádámù pé nínú làálàá ni yóò máa jẹ èso ilẹ̀, àti pé ẹ̀gún ni ilẹ̀ yóò máa hù fún un. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà ni a lò fún ìrora Éfà àti fún làálàá Ádámù. Ta ni nínú àwọn àgbẹ̀ wa tí ó kọ̀ láti fi àdá gé ẹ̀gún nítorí pé Ọlọ́run ni ó sọ pé ẹ̀gún yóò hù? Ta ni ó sọ pé ẹni tí ó gba katakata sí oko rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀? A kò gbọ́ ọ rí. Bí a bá fi ìrọ̀rùn fún Ádámù, tí a sì fi í du Éfà, kì í ṣe Ìwé Mímọ́ ni a ń tẹ̀lé. Ojúsàájú ni a ń ṣe.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1847, ní ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, dókítà kan tí ń jẹ́ James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn obìnrin tí ń rọbí ní oògùn kílórófọ́ọ̀mù fà símú, kí ìrora wọn lè dín kù. Àwọn kan wí pé ó ń tako ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Inú Jẹ́nẹ́sísì kan náà ni ó ti dá wọn lóhùn: kí Ọlọ́run tó yọ egungun ìhà Ádámù, Ó kọ́kọ́ mú kí oorun ìjìkà kùn ún. Ní ọdún 1853, Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lo oògùn náà nígbà tí ó bí ọmọ rẹ̀ Leopold.

Nínú Ìjọ Mímọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní iyèméjì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, Bàbá Mímọ́ Pius Kejìlá bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè nígbà náà ní ìbímọ láìsí ìrora. Ọ̀nà náà kì í ṣe oògùn, ẹ̀kọ́ ni. A ó ti kọ́ aláboyún ní ohun tí ara rẹ̀ yóò ṣe, bí yóò ti máa mí, àti bí yóò ti máa dẹ ara, kí ẹ̀rù má baà borí rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan ń fura sí i, nítorí pé láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lábẹ́ ìjọba tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ni apá kan nínú rẹ̀ ti jáde. Bàbá Mímọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ó ní òtítọ́ ìmọ̀ kò di irọ́ nítorí ìgbàgbọ́ ẹni tí ó rí i. Ó ní kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin Ọlọ́run nínú ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, àti pé nígbà tí Ọlọ́run bá Éfà wí, kò ka á léèwọ̀ fún àwọn ìyá láti lo ohun tí yóò mú ìbímọ rọrùn. Ní oṣù kejì ọdún 1957, ó tún kọ́ àwọn dókítà pé onígbàgbọ́ lè gba oògùn tí ń dín ìrora kù láìjẹ̀bi.

Ìdí tí ẹ̀kọ́ fi lè ran aláboyún lọ́wọ́ kò ṣòro láti yé ni. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Grantly Dick-Read, tí ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1933, ṣàlàyé pé ẹ̀rù a máa mú kí iṣan ara le, líle iṣan a máa mú kí ìrora pọ̀, ìrora a sì tún máa bí ẹ̀rù mìíràn. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń tì síta tí ẹlòmíràn sì ń fà sínú: ilé ọmọ ń ti ọmọ síta, ara tí ẹ̀rù bà sì ń dì í mú. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pẹ̀lú pé ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àyà bá ń já ni lè mú kí ìrọbí fà gùn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù nìkan ni ó ń fa ìrora. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rọbí rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa fi kún un, ẹ̀kọ́ àti ìtùnú a sì máa dín ẹ̀rù kù.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé yìí, síbẹ̀ wọ́n mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọn kì í fi ẹni tí ń rọbí sílẹ̀ ní òun nìkan, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọn kì í dùbúlẹ̀ gbalaja. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lórí ìtọ́jú ìrọbí jáde ní ọdún 2018, ó dámọ̀ràn pé kí obìnrin ní ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a gbà á láyè láti rìn kiri, kí ó sì lè wà ní ìdúró tàbí ní ìkúnlẹ̀ bí ó bá fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ewu kò bá sí. Ọgbọ́n àtijọ́ àti ìmọ̀ òde òní pàdé lórí ẹní ìkúnlẹ̀ kan náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sórí àwọn obìnrin Hébérù. Orí kìn-ín-ní ìwé Ẹ́ksódù ni ọ̀rọ̀ náà wà. Fáráò pàṣẹ fún àwọn agbẹ̀bí méjì, Ṣífírà àti Púà, pé kí wọ́n máa pa gbogbo ọmọkùnrin tí àwọn obìnrin Hébérù bá bí. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn kò sì ṣe é. Nígbà tí ọba bi wọ́n léèrè, wọ́n dáhùn pé ara àwọn obìnrin Hébérù le, pé wọn a ti bímọ kí agbẹ̀bí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ kíyè sí i: ẹjọ́ tí wọ́n rò níwájú ọba ìkà ni, kí ẹ̀mí àwọn ọmọ lè là. Kò sí ibì kan nínú orí náà tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé gbogbo ẹni tí ó bá gbà Á gbọ́ yóò bí wẹ́rẹ́. Rákélì ńkọ́, ìyá Jósẹ́fù? Ìyá ńlá ni nínú ìran Ísírẹ́lì, agbẹ̀bí sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì orí 35 sọ fún wa pé ìrọbí rẹ̀ nira, ó sì kú lójú ọ̀nà Éfúrátì nígbà tí ó bí Bẹ́ńjámínì. Ta ni yóò sọ pé àìgbàgbọ́ ni ó pa á?

Ẹ sì tún wo àwọn tí orí náà sọ pé Ọlọ́run ṣe rere fún. Àwọn agbẹ̀bí ni. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ Bíbélì yìí sá fún agbẹ̀bí ti dorí ọ̀rọ̀ náà kodò. Ẹ gbàdúrà kí ìbímọ rọrùn. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ àdúrà di ìdáná tí a ń san fún Ọlọ́run kí Ó má baà ní kí a lo ọgbọ́n. Ìwé Sírákì, orí 38, pa á láṣẹ fún wa láti bu ọlá fún oníṣègùn. Ó ní kí aláìsàn gbàdúrà, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún oníṣègùn pẹ̀lú, nítorí pé Olúwa ni ó dá òun náà. Ohun tí àwọn Fadá ìjímìjí ṣe ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Ní ọdún 1895, wọn kò dúró lórí kíkọ́ ilé àdúrà nìkan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántorò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìṣirò tí àwọn àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ṣe fún ọdún 2023 fi hàn pé nǹkan bí obìnrin 75,000 ni oyún tàbí ìbímọ gba ẹ̀mí wọn ní Nàìjíríà ní ọdún kan ṣoṣo náà. Èyí ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbáyé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbímọ, gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà, ibà tí ń tẹ̀ lé ìbímọ, àti ìrọbí tí ọmọ há mọ́ wà lára ohun tí ń pa wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ni kì bá kú bí wọ́n bá tètè dé ibi ìtọ́jú. Nígbà mìíràn, nínú ilé ni àsìkò ti ń ṣòfò, tí a ń wá owó, tí a ń wá ọkọ̀, tí a ń retí kí bàbá ilé dé kí ó wá sọ̀rọ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Kí ni ìmúrasílẹ̀ náà? Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti mọ̀ pé oyún wà. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí aláboyún rí àwọn olùtọ́jú ní ìgbà mẹ́jọ, ó kéré tán, kí ó tó bímọ, kí àkọ́kọ́ sì jẹ́ láàrin oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, tí wọn yóò fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn ipá. Kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja bí agbára bá ti mọ. Kí ó máa rìn, kí ó má sì jẹ́ kí ilé fi iṣẹ́ pa á. Kí ó kọ́ bí a ti ń mí wọlé pẹ̀lẹ́ tí a sì ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìrora bá ń ru. Kí ọkọ mọ iye owó tí ó wà nílẹ̀, awakọ̀ tí ó lè jí ní òru, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ìyàwó mu. Kí ó sì ti fi ẹnu rẹ̀ sọ fún gbogbo ilé pé bí òun kò bá sí nítòsí, kí wọ́n má ṣe dúró de òun.

Kí gbogbo ilé mọ àmì ewu pẹ̀lú: ẹ̀jẹ̀ tí ń dà, orí fífọ́ líle tí ojú sì ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tí ń wú, gìrì, ọmọ tí kò yí mọ́ nínú, omi tí ó tú tí ìrọbí kò bẹ̀rẹ̀, tàbí ìrọbí tí ó ti ju wákàtí 12 lọ. Bí a bá rí ọ̀kan nínú wọn, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ní ti àgbo abíwẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀, n kò ní bú ewé tí Ọlọ́run dá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá lágbára láti mú ilé ọmọ ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ lágbára láti fà á ya pẹ̀lú, ìbáà ṣe nínú ìgò àgbo, ìbáà ṣe nínú abẹ́rẹ́ tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún. Ẹni tí ó bá ti lo ohunkóhun kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún agbẹ̀bí rẹ̀.

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí ńkọ́, tí ọmọ kò sì gba ọ̀nà tí a ń retí? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wà láàrin wa tí wọ́n ti inú iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ wá, tí wọ́n sì ń fi í pamọ́ ní ọjọ́ ìdúpẹ́ bí ẹni pé wọ́n jalè. Mo fẹ́ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́ ìtàn Gianna Beretta Molla, dókítà àti ìyá ọlọ́mọ ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí ó lóyún ọmọ rẹ̀ kẹrin, a rí kókó nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ó yan pé kí a yọ kókó náà láìfọwọ́ kan ọmọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1962, nípa iṣẹ́ abẹ ni a fi gbẹ̀bí ọmọbìnrin rẹ̀. Àìsàn tí ó tẹ̀ lé e gba ẹ̀mí ìyá ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà. N kò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè wá ikú. Àdúrà wa ni kí ìyá gbọ́ ohùn ọmọ, kí ọmọ gbọ́ ohùn ìyá. Mo sọ ọ́ nítorí pé ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2004, Póòpù John Paul Kejì kà á kún àwọn ẹni mímọ́. Ìfẹ́ rẹ̀ ni Ìjọ wò. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kì í ṣe ìyá tòótọ́ nítorí ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà jáde.

Ẹnì kan lè wí pé: "Ṣé ìrora kò wá ní èrè kankan mọ́?" Ó ní. Olúwa wa fúnra rẹ̀, ní alẹ́ tí a óò mú un, fi obìnrin tí ń rọbí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀: ó wà nínú ìbànújẹ́ nítorí pé wákàtí rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bí ọmọ náà tán, ayọ̀ a mú un gbàgbé. Ìrora tí a kò lè yẹ̀, tí ìyá sì fi rú ẹbọ pọ̀ mọ́ ti Krístì lórí àgbélébùú, kò ní ṣòfò lójú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ìyá fi ìrora tirẹ̀ rúbọ, ọ̀tọ̀ ni kí ẹlòmíràn jókòó sí pálọ̀ kí ó máa yan ìrora fún un. Ọlọ́run kò fi ìrora dí òṣùwọ̀n ìyá. Ìfẹ́ ni Ó ń wọ̀n, ìfẹ́ tòótọ́ a sì máa múra sílẹ̀.

Ẹ wo Màríà Wúńdíá. Nígbà tí ó gbọ́ pé Èlísábẹ́tì, ìbátan rẹ̀ tí ó ti darúgbó, lóyún oṣù mẹ́fà, kò jókòó sí Násárẹ́tì kí ó máa ṣe Àmín láti òkèèrè. Ó dìde kánkán, ó gun òkè lọ, ó sì bá a gbé tó oṣù mẹ́ta. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti ṣèlérí ọmọ náà, ìlérí náà kò sì kùnà. Síbẹ̀ Ìyá Olúwa lọ ràn án lọ́wọ́. Bí ìgbàgbọ́ àti ìmúrasílẹ̀ bá ń bá ara wọn jà, Màríà ìbá ti jókòó sí ilé.

Nítorí náà, kí ìyá ọkọ inú ìtàn wa má ṣe fi ọwọ́ bo ẹnu ìyàwó rẹ̀ mọ́. Kí ó fi ọwọ́ kan náà di tirẹ̀ mú, kí ó wí pé: "Ìyàwó mi, sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Èmi ni n ó bá ọ lọ." Kí ọkọ ṣe Àmín, kí ó sì lọ ka owó tí ó wà nílẹ̀. Àdúrà náà yóò gòkè bí ó ti ń gòkè tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin náà kò sì ní gbé ẹ̀rù rẹ̀ wọ yàrá ní òun nìkan.

Kí Màríà, Ìyá Ọlọ́run, àti Gerard Majella Mímọ́, alágbàwí àwọn aláboyún, bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn sún mọ́lé nínú ìjọ wa. Kí Olúwa fún wọn ní ìrọ̀rùn. Níbi tí ìrọ̀rùn kò bá ti tètè dé, kí Ó fún wọn ní olùrànlọ́wọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Kí a sì lè kí gbogbo wọn kú ewu ọmọ. Àmín.